Ìyá Àgbà àti Kùrukùru Abẹ́ Ìràwọ̀ Mẹ́ta

Àtẹ̀gùn ilé wa ní Ìgàndò ṣe tóóró, ó sì lọ́ po bí ìkarahun ìgbín. Ẹni tó bá ń gùn ún ní láti fi èjìká kan ṣíwájú èkejì. Lọ́jọ́ tí ìyá àgbà mi kú, àwọn ọkùnrin tó gbé òkú wọn sọ̀kalẹ̀ há síbi tó ti lọ́ po yẹn fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́: "Rọra. Gbé apá tìẹ sókè. Rọra, jàre." Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo sì ń rò ó pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé ìyá àgbà dé láti ilé ìwòsàn, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí wọ́n máa dé ìsàlẹ̀ ilé yìí.

Orúkọ wọn ni Ràbíátù Àjọkẹ́, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Àmọ́ láti Ìkòtún títí dé Ìjẹ̀gùn, Ìyá Fọ́tò ni wọ́n mọ̀ wọ́n sí. Mi ò fẹ́ ka ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àwọn àgbà ti ṣe ìyẹn níbi fìdáù, wọ́n sì ṣe é dáadáa. Ohun tí èmi mọ̀ jù nípa wọn ni bí wọ́n ṣe ń wo nǹkan. Ojú òsì ni wọ́n máa ń dì, wọ́n á gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, wọ́n á sì dákẹ́. Bí wọ́n ṣe ń wo ẹ̀fọ́ tí mo rà nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń wo ọkùnrin tí mo bá mú wá kí wọn nìyẹn.

Wọn kì í fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ tí wọn ò tíì tọ́ wò. Wọn kì í sì í yin nǹkan tí wọn ò tíì wò tán. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, Káfáyà, fẹ́ lọ síbi yìgì rẹ̀, ó kọ́kọ́ gòkè wá gba àdúrà. Àwọn tó ṣe ojú rẹ̀ lóge ti kùn ún débi pé imú rẹ̀ ti di imú ẹlòmíì. Ìyá àgbà wò ó, wọ́n dijú òsì, wọ́n ní, "Káfáyà dà?"

"Èmi rèé, Ìyá àgbà."

"Ó dáa. Bó o bá rí i, sọ fún un pé mo kí i."

A rẹ́rìn-ín títí. Káfáyà náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kó tó sọ̀kalẹ̀, mo rí i tó ń fi etí aṣọ nu imú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, iṣẹ́ ìyá àgbà ni láti máa tún fọ́tò ṣe. Bàbá àgbà ló ń yà á nínú ṣọ́ọ̀bù wọn ní Ìkòtún. Ìyá àgbà á gbé fíìmù síwájú iná, wọ́n á mú pẹ́ńsùlù tí wọ́n gbẹ́ ẹnu rẹ̀ bí abẹ́rẹ́ àti abẹ tínńrín kan, wọ́n á máa fi kun ibì kan, wọ́n á máa fi fá ibòmíì, títí ojú ẹni inú fọ́tò á fi jọ̀lọ̀. Àwọn èèyàn máa ń wá láti ọ̀nà jíjìn nítorí ọwọ́ wọn. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn gbéraga nígbà náà, àwọn rò pé kò sí ohun tí pẹ́ńsùlù àwọn ò lè mú padà.

Ìyá kan wá láti Ìjẹ̀gùn. Ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ti kú, fọ́tò pélébé kan ṣoṣo ló kù, ó sì ti ṣá débi pé ojú ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn mọ́. Ó fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di ńlá kí òun lè gbé e kọ́ sára ògiri. Ìyá àgbà mú fọ́tò pélébé yẹn, wọ́n sì ṣiṣẹ́ lé òun gan-an lórí. Wọ́n fa ìpéǹpéjú sí i, wọ́n la ẹnu rẹ̀ dáadáa, wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ sí ẹyinjú. Gbogbo ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ló pàtẹ́wọ́. Nígbà tí obìnrin náà dé, ó wò ó pẹ́, ó ní, "Ẹ ṣeun, mà. Ọmọ yìí rẹwà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ mi."

Kò bínú. Ó gbá fọ́tò náà mọ́ àyà, ó sì lọ. Kò sì sí òmíràn tí ìyá àgbà lè fi tún un ṣe, nítorí àwọ̀ tí wọ́n kùn lé ti àkọ́kọ́ yẹn kò ṣeé ṣí kúrò mọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi bá wọn gbé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sọ ìtàn yìí fún mi, wọn ò sì wojú mi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. "Àbẹ̀kẹ́," wọ́n ní, "ọmọ yẹn kú lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ mi ló pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Ìtọ̀ ṣúgà ló gba ẹsẹ̀ wọn kan. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin ni wọ́n gbé wọn wá, Bàbá Káfáyà, tí ìyá àgbà ń pè ní Jìmọ́. Èmi náà kó wá síbẹ̀ kí n lè máa tọ́jú wọn, torí ilé ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ tèmi: mo ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà fún àwọn ayàwòrán ní Ẹ̀gbẹ́dá. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la wà. Àga onítáyà wọn kò lè gba orí àtẹ̀gùn yẹn kọjá, bí wọ́n tilẹ̀ dà á dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ kan tí mo lọ sọ́jà, wọ́n gbìyànjú láti fi ìdí wọ́ sọ̀kalẹ̀, àtẹ̀gùn kan lẹ́yìn òmíràn. Wọ́n yí lulẹ̀ níbi tó ti lọ́ po, orí wọn bẹ́. Láti ọjọ́ náà ni Bàbá Káfáyà ti ní kí wọ́n rọ géètì irin sí òkè àtẹ̀gùn. Bálíkónì ẹ̀yìn ilé ti ní irin tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí wọ́n fi dènà olè, gbọọrọ-gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Àpò Bàbá Káfáyà ni kọ́kọ́rọ́ géètì máa ń wà. Èmi ní tèmi, ṣùgbọ́n wọ́n fi Ọlọ́run bẹ̀ mí kí n má fi sílẹ̀ níbi tí ọwọ́ ìyá àgbà lè tó o.

Ọ̀rọ̀ yìí dá ìjà sílẹ̀ lemọ́lemọ́, torí olè ni Bàbá Káfáyà máa ń fi ṣe àwáwí.

"Jìmọ́, olè wo ló fẹ́ wá jí arúgbó ẹlẹ́sẹ̀ kan gbé?"

"Ìyá, kì í ṣe ẹ̀yin ni wọ́n máa jí. Mi ò fẹ́ kí wọ́n bá yín nílé ni."

"Wọn ò ní bá mi nílé tó o bá jẹ́ kí n jáde."

Bàbá Káfáyà á ti géètì, a ó sì máa gbọ́ ẹsẹ̀ wọn bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú rárá. Àwọn ló ń ra oògùn ìyá àgbà, àwọn ló ń gbé wọn lọ sí balùwẹ̀ bí èmi ò bá sí nílé, wọn ò sì bínú síṣẹ́ náà lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti bá wọn jà. Ìyá àgbà sọ fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń gé èékánná wọn, pé, "Ẹni tó bá fi ìfẹ́ tì ọ́ mọ́lé, ọ̀dọ̀ ta lo máa lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn?"

Kùrukùru yẹn dé sáyé wa nígbà ọyẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ ládùúgbò, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Iṣái tán, ìyá àgbà sì wà ní bálíkónì, wọ́n fi iwájú orí ti irin. Wọ́n pè mí. "Àbẹ̀kẹ́, wo abẹ́ àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀léra yẹn. Ṣé ojú mi ló ń ṣú ni, àbí nǹkan kan ń ṣe kùrukùru níbẹ̀?"

Kì í ṣe ojú wọn. Mo wá a lórí fóònù mi, mo sì kà á fún wọn: afẹ́fẹ́ àti eruku tó fẹ̀ kọjá sísọ ni, tó ń tàn, inú rẹ̀ ni àwọn ìràwọ̀ tuntun ti ń jáde. Nẹ́búlà ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń rìn bọ̀ látìgbà tí kò tíì sẹ́ni tó ń jẹ́ orúkọ wa. Ìyá àgbà gbọ́ ọ tán, wọ́n ní, "Mo sì rí i láti inú àgò adìẹ yìí." Lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ní kí n gbé kámẹ́rà tí bàbá àgbà rà kẹ́yìn, èyí tí kì í lo fíìmù, jáde.

Ẹnu kámẹ́rà náà lè gba àárín irin méjì kọjá, ara rẹ̀ kò lè kọjá. Ìwọ̀nba ojú ọ̀run tí irin bá gbà wá láyè la lè yà. Bí ìràwọ̀ mẹ́ta náà bá ti wọ àárín irin kan sí èkejì, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, kíákíá-kíákíá, torí bí èèyàn bá jẹ́ kí ojú kámẹ́rà là pẹ́, ìràwọ̀ á fà di ìlà. Fọ́tò kéékèèké la máa ń yà, púpọ̀ rẹ̀, lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà á kó wọn lé ara wọn títí kùrukùru yóò fi máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀, tòun ti ìyẹ́ méjì tó nà bí ti ẹyẹ. Bí èéfín ààtàn Solous bá fẹ́ wá, iṣẹ́ parí nìyẹn. Bí aládùúgbò bá tan jẹnẹrétọ̀ àti gílóòbù ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, iṣẹ́ parí. Ìyá àgbà á dì mọ́ irin, wọ́n á máa bẹ ọkùnrin náà láti òkè: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, pa iná yẹn fún mi, mo ń wo nǹkan." Ó máa ń pa á. Mo rò pé ó rò pé ọpọlọ wọn ti ń dà rú.

Ọ̀sán la máa ń tún un ṣe. Lórí kọ̀ǹpútà, ibì kan wà tí èèyàn á máa fà lọ sí ọ̀tún kí fọ́tò lè ṣáápù. Gbogbo ohun tó ń ṣe ni pé ó ń wá ibi tí dúdú àti funfun ti pàdé, á mú kí dúdú dúdú sí i, kí funfun funfun sí i. Bí o bá fà á díẹ̀, ojú àwòrán á là. Bí o bá fà á jù, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan á gba òrùka dúdú sọ́rùn, kùrukùru náà á sì máa rí bí ẹni pé ìdin ń rìn nínú rẹ̀. Ìyá àgbà máa ń mọ̀ kí èmi tó mọ̀.

"Dá a padà."

"Ìyá àgbà, díẹ̀ ni mo fà."

"Díẹ̀ yẹn gan-an ni mo ní kó o dá padà."

Wọ́n ní kí n má fọwọ́ kan ibi tó ṣókùnkùn rárá, torí kò sí nǹkan níbẹ̀ àyàfi èérí kámẹ́rà, àwọn hóró tí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ń dá sínú òkùnkùn, bí mo bá sì mú kí èérí ṣáápù, èérí á di òkúta. Àárín ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ nìkan ni kí n ti ṣe é. Bí a bá ti ṣe é fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á ní kí n pa kọ̀ǹpútà dé, kí n lọ sá aṣọ, kí n lọ kírun, kí n tó padà wá wò ó. Mo máa ń kùn, pàápàá nígbà tí iná bá fẹ́ lọ. "Ojú tó ti rẹ̀ máa ń bèèrè iyọ̀ sí i," ni wọ́n máa ń sọ.

Nígbà kan mo rí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹ́ kùrukùru náà, inú mi dùn, mo ní ẹ wò ó. Wọ́n wò ó. Wọ́n bi mí pé alẹ́ wo la yà á. Mo ní alẹ́ méjì la kó pọ̀. "Pín wọn," wọ́n ní. "Bí ọ̀rọ̀ bá tóbi, ẹlẹ́rìí méjì ni wọ́n ń bèèrè. Jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ sọ tirẹ̀, kí ti èkejì náà sọ tirẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ wọn bá jọ, ìmọ́lẹ̀ ló sọ ọ́." Mo pín wọn, ìlà náà sì wà nínú méjèèjì. Láti ọjọ́ yẹn, kí n tó ṣí ẹnu sọ pé mo rí nǹkan, mo ti máa ń gbọ́ wọn láti orí àga: "Ẹlẹ́rìí méjì dà?"

Èmi ni mo fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kan, àwọn tó fẹ́ràn láti máa wo ojú ọ̀run, tí wọ́n fẹ́ pàtẹ àwòrán nínú gbọ̀ngàn kan lọ́nà Ìkẹjà. Obìnrin tó ń ṣètò rẹ̀ pè wá lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀. Mo gbé ohùn fóònù sókè kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Mama, ẹ kú iṣẹ́ o. Fọ́tò yín wú wa lórí. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ díẹ̀, àwọn tó kù ṣáápù jù ú lọ. Tí ẹ bá lè jẹ́ kí àwọn ìlà bí okùn tó wà láàrín yẹn yọ dáadáa, ẹnu ọ̀nà la máa gbé e kọ́ sí. A máa fi mọ́tò wá gbé ẹ̀yin náà."

Bàbá Káfáyà wà níbẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti mọ́sáláṣí. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá àgbà. "Ìyá, bí wọ́n bá mú un, èmi fúnra mi á wá àwọn ọkùnrin tó lágbára tó máa gbé yín sọ̀kalẹ̀. Mo ṣèlérí níwájú Ọlọ́run."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ìyá àgbà ní kí n fọ ìbòrí wọn aláwọ̀ ojú ọ̀run. Wọ́n ní kí n fa bàtà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹyọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò, wọ́n sì jókòó, wọ́n ń fi òróró nù ún títí ó fi ń dán. Wọ́n bi mí pé ṣé igi máńgò tó wà ní ìkòríta ṣì wà. Mo ní wọ́n ti gé e. "Hẹn-ẹn," wọ́n ní. "Màá wo ibi tó wà."

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Mo fà á sí ọ̀tún. Àwọn okùn náà yọ nínú kùrukùru bí gbòǹgbò igi, tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń dán, ó sì rẹwà débi pé mo pariwo. Mo gbé e lọ síwájú wọn. Ojú wọn tàn. Lẹ́yìn náà wọ́n di ojú òsì. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ọkàn mi pé kí wọ́n má bèèrè.

"Ẹlẹ́rìí méjì dà?"

Mo pín in. Nínú ti alẹ́ àkọ́kọ́, okùn náà wà níbẹ̀ rekete. Nínú ti èkejì, kò sí nǹkan kan, àfi ìmọ́lẹ̀ rírọ̀.

"Ó lè jẹ́ pé èéfín Solous ló bo ti ọjọ́ kejì mọ́lẹ̀," mo ní. "Bóyá ó wà níbẹ̀."

"Bóyá," wọ́n ní. "Bóyá kì í ṣe ẹlẹ́rìí."

Wọ́n na ọwọ́, wọ́n fi ìka ara wọn fà á padà sí òsì, díẹ̀díẹ̀, títí okùn náà fi wọlé. Wọ́n ní kí n pe obìnrin náà.

"Ọmọ mi, èyí tó wà lọ́wọ́ yín yẹn ni fọ́tò náà. Mi ò ní òmíràn."

"Ṣùgbọ́n Mama, kùrukùru lásán ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ o."

"Ìmọ́lẹ̀ yẹn ti rìn gan-an kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Mi ò lè máa fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu."

Ẹgbẹ́ náà ò mú un. Bàtà padà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Nígbà tí Bàbá Káfáyà gbọ́, wọ́n gòkè wá. Mi ò tíì gbọ́ kí wọ́n pariwo mọ́ ìyá wọn rí. "Ìyá! Nítorí kùrukùru! Ṣé ẹ rò pé ó dùn mọ́ mi bí mo ṣe ń ti géètì yìí láràárọ̀? Ọ̀nà kan rèé tó ṣí sílẹ̀, ẹ fi ọwọ́ ara yín tì í!" Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àgbàlagbà ọkùnrin tó ti hu ewú, wọ́n fi ẹ̀yìn ti géètì. Ìyá àgbà yí àga wọn lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn, wọ́n gbé ọwọ́ lé wọn lórí. "Mo mọ̀, Jìmọ́," wọ́n ní. "Ìwọ náà wà nínú àgò yìí pẹ̀lú mi."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Bàbá Káfáyà mú wẹ́dà kan wá sílé lówùúrọ̀. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Wẹ́dà náà gé àwọn irin bálíkónì láàárín, ó ṣí ibi tó fẹ̀ tó fèrèsé sílẹ̀, ó sì fi fáìlì ha ẹnu wọn kó má bàa ya ìyá àgbà lọ́wọ́. Bàbá Káfáyà dúró tì í títí ó fi ṣe tán. Nígbà tí ìyá àgbà bèèrè pé àwọn olè ńkọ́, wọ́n ní, "Kì í ṣe olè, Ìyá. Ẹ̀rù ló ń bà mí." Wọn ò mú géètì àtẹ̀gùn kúrò. Ẹ̀rù náà kò tíì tán débẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ti lọ. Àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta náà ti bá oòrùn lọ, ọ̀sán ni wọ́n ń yọ, kò sẹ́ni tó lè rí wọn. Ìyá àgbà ní kò burú, àwọn máa dúró dè wọ́n. Ìkùukùu òjò bo ojú ọ̀run fún ọ̀pọ̀ oṣù, àìsàn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹsẹ̀ kejì. Wọ́n kú kí ọyẹ́ tó padà dé, wọn ò fi kámẹ́rà wo ojú ọ̀run láti ojú ihò yẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo ti gbìyànjú láti rí nǹkan rere mú nínú ìyẹn. Mi ò rí i, mi ò sì fẹ́ fi kún un.

Èyí tí mo mọ̀ ni ti ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lẹ́yìn tí wẹ́dà lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni. Mo sáré jáde kí n lè fa àga wọn wọlé, mo bá wọn tí wọ́n ti na apá jáde láti ojú ihò náà, apá kan dé èjìká, wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sókè. Omi ń ṣàn lọ sí ìgúnpá wọn, ó ń rin aṣọ wọn. Mo ní, "Ìyá àgbà, òtútù á mú yín."

Wọn ò yíjú padà.

"Ó tutù, Àbẹ̀kẹ́," wọ́n ní. "Mo ti gbàgbé pé ó máa ń tutù."